Bátìrì Àkọ́bí

Mi ò fẹ́ràn bàbá náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, mo sì máa ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ahọ́n mi sinmi díẹ̀. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi àti ti ọmọbìnrin rẹ̀ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló pín wa níyà, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí òun bá sín, èmi ni mo máa ń dá a lóhùn pé pẹ̀lẹ́.

Àǹtí Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Rédíò, tẹlifíṣàn, áyọ́ọ̀nù, kọ̀ǹpútà, ohunkóhun tó bá ń lo iná tó sì ti kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, àpá iná sì pọ̀ lórí ìka rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí oníbàárà bá ń pariwo lé e lórí, á kàn máa tú síkúrù ẹrù onítọ̀hún lọ ni, títí ohùn ẹni náà á fi há. Èmi ni mo máa ń bá a ja ìjà yẹn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo ti lé ènìyàn jáde ní ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe tèmi.

Ọmọ méjì péré ni bàbá wọn bí. Ọkùnrin ni àkọ́bí, Àǹtí Wáyà ló tẹ̀ lé e, ìyá wọn kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà nílé ìwé, bàbá ra kọ̀ǹpútà kan fún un, irú àtijọ́ tó jẹ́ pé kíbọọ̀dù àti gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ odindi kan, tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣàn kí wọ́n tó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in ní òpópónà wọn. Àwọn ọmọ aládùúgbò máa ń tò sí ojú fèrèsé láti wò ó. Ẹnu ọ̀nà ni Àǹtí Wáyà tiẹ̀ máa ń dúró sí nínú ilé bàbá rẹ̀, torí bàbá ní ọwọ́ ọmọbìnrin kì í gbẹ, omi abọ́ ni yóò fi bà á jẹ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òun mọ ìpàkọ́ ẹ̀gbọ́n òun ju ojú rẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, ó ní, "Bàámi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí i títí n ó fi dé."

Ta ni ẹ̀gbọ́n sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ẹni tó fi gbogbo ìgbà èwe àti àgbà rẹ̀ ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ni bàbá yìí. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà kọ́ ọ: ohun tí a kò bá ṣí, kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá dé ilé rẹ̀, rìmóòtù wà nínú náílọ́ọ̀nù. Àga wà nínú náílọ́ọ̀nù, ẹni tó bá jókòó lé e á sì máa dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ bíi bísíkíìtì. Aago ara ògiri pàápàá wà nínú náílọ́ọ̀nù, èèyàn á tẹjú mọ́ ọn kó tó mọ ohun tó ń sọ. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, ì bá ti di ọmọbìnrin rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù kó má baà lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ó fi aṣọ funfun wé kọ̀ǹpútà náà, ó fi náílọ́ọ̀nù lé náílọ́ọ̀nù wé aṣọ, ó fi tẹ́èpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa. Ó gbé e sínú páálí, ó sì fi okùn dì í. Ìdè àwọn olùṣọ́ ẹrù ló ta sí i, ìdè kan tó jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá tú u, kò lè tún un ta bó ṣe wà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló tì í sí.

Àǹtí Wáyà lọ kọ́ṣẹ́, bàbá sì bínú. Ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Fún ìgbà pípẹ́, orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibi iṣẹ́ yìí ló ti wá gbọ́ nípa bátìrì kékeré tí wọ́n ń fi léèdì yíyọ́ jó mọ́ inú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó gbàgbé ọjọ́ àti aago bí wọ́n bá paná rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fi ọ̀kan tó ti bàjẹ́ hàn án. Bí bátìrì náà bá gbó, omi inú rẹ̀ a máa jò, á sì máa jẹ bàbà inú bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tó gbé ẹ̀yà inú rẹ̀ ró, bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn: lókè ẹ ò ní rí nǹkan kan, inú ti tán. Ó sáré dé ilé.

"Bàámi, ẹ jẹ́ kí n yọ bátìrì inú kọ̀ǹpútà yẹn. Mi ò ní pẹ́ nídìí ẹ̀ rárá."

"Kí o yọ ọ́, kí o lọ fi tún tẹlòmíràn ṣe?"

"Rárá o, Bàámi. Ó máa jò ni."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni bàbá wí. "Ó fi lé mi lọ́wọ́, kò fi lé ìwọ lọ́wọ́. Má ṣe jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ níbẹ̀."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ọdún ń gorí ọdún, bátìrì wà nínú náílọ́ọ̀nù, kò síbi tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé, kò síbi tí omi rẹ̀ gbà jáde. Bàbá darúgbó. Ẹ̀gbọ́n ń pè lórí fóònù nígbà ọdún tuntun. Ta ló ń fi omi gbóná fọ ẹsẹ̀ bàbá nígbà tó wú? Ta ló ń se oúnjẹ tí kò níyọ̀ tí dókítà ní kó máa jẹ, tí bàbá á jẹ tán, á ní kò dùn? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a á fi tòsì fà á mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Bàbá tiwa yìí, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ní.

Ẹ̀gbọ́n wá pè pé òun ń bọ̀ nílé. Inú bàbá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wọn fèrèsé fún kọ́tìnnì tuntun, nítorí àkọ́bí. Orí àga ni mo dúró sí, tí mo ń wọn fèrèsé, nígbà tí bàbá fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ dán kọ̀ǹpútà náà wò, kó lè wà ní sẹpẹ́. Ó tú ìdè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tú náílọ́ọ̀nù kan, ó tú èkejì. Bó ti kan aṣọ funfun, òórùn kan jáde, òórùn kíkorò tó ń ta èèyàn nímú. Aṣọ náà kò funfun mọ́ ní igun kan. Bàbá ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣàn, ó tàn án. Ojú tẹlifíṣàn dúdú. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó dúdú síbẹ̀.

"Ta ló ṣí i?"

Àǹtí Wáyà ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Ó yọjú sí ẹnu ọ̀nà, ibi tó máa ń dúró sí láti kékeré náà.

"Ẹnikẹ́ni ò ṣí i, Bàámi."

"Ìwọ lo ṣí i! Ta ló tún wà nílé yìí tó ń tú nǹkan?"

"Bàámi, ẹ wo okùn yín nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tú ìdè ẹ̀ nísinsìnyí. Ṣé ìdè yín kọ́ ni?"

Bàbá wo okùn náà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù tòótọ́, bí ọmọ tó fọ́ àwo ìyá rẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo tó fi lé mi lọ́wọ́," ló ń wí ṣáá. "Kí ni n ó wí fún un?" Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Àánú náà kò pẹ́ lọ́kàn mi tó fi lọ.

"Ṣé o lè tún un ṣe?" ló bi ọmọ rẹ̀, láìwò ó lójú.

"N ó gbìyànjú ẹ̀."

"Gbìyànjú kọ́. Gbọ́ mi. Bí o bá mú un jí kí ẹ̀gbọ́n ẹ tó dé, n ó mọ̀ pé ọmọ méjì ni mo bí. N ó sì sọ ọ́ lójú ẹ̀."

Lókè àga tí mo wà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Mo wo Àǹtí Wáyà, kó wo èmi náà, ká jọ pòṣé. Àmọ́ ojú rẹ̀ ti tàn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà, ó sì sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ṣí i, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Bátìrì náà ti wú, ó sì ti là. Ohun funfun bí iyọ̀ hù yí i ká, ohun aláwọ̀ ewé sì ti ràn kúrò níbẹ̀ lọ káàkiri bọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀nà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná ń gbà kọjá, omíràn ti dúdú, omíràn kò sí mọ́ rárá. Ó fi ìka kan àìsíì kan báyìí, ìyẹn ẹ̀yà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ mélòó kan ṣẹ́ síbẹ̀.

"Èyí ti kú," ni mo wí. Ṣé ẹ mọ̀ pé aránṣọ ni mí, ohun tó bá ti ya kọjá ibì kan, àkísà ni mo ń pè é.

"Kò tíì kú. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ pẹ́ ni," ló dá mi lóhùn.

Ó gé bátìrì náà kúrò, ó jù ú síta. Ó kán fínígà sí ibi tí omi rẹ̀ dé, ó hó ṣìì, nítorí pé ohun kíkan ló ń pa oró omi bátìrì bẹ́ẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi sípíríìtì ṣàn án, ó gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí ó fi gbẹ. Ìgbà yẹn niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Léèdì kì í mú ohun tó dọ̀tí, nítorí náà ó ní láti ha gbogbo ohun aláwọ̀ ewé yẹn kúrò lójú bàbà, kó sì má ha bàbà fúnra rẹ̀ dànù. Ó wá abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù lọ lọ́wọ́ mi. Mo fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún padà wá gba òmíràn. Gbogbo àwọn tó gbé rédíò wá ń pariwo, mo ń lé wọn. Mo ní ara ìyá yín tó ń tún rédíò ṣe ò yá, ẹ padà wá. Wọ́n ní kì í ṣe ìyá àwọn. Mo ní ẹ ṣáà máa lọ.

Ibi tí ọ̀nà bàbà ti jẹ tán, ó ń fi wáyà tó fẹ́lẹ́ bí irun so orí kan mọ́ èkejì. Iṣẹ́ yẹn yé mi, torí bí mo ṣe ń tún aṣọ tó ti ya rán náà nìyẹn: èèyàn á kọ́kọ́ wá ibi tí òwú ṣì ti lágbára. Òun á fi mítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wádìí iná, kan ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan, á fi kan òpin rẹ̀. Bí mítà bá dún, ọ̀nà náà ṣì dára, bó bá dákẹ́, wáyà ló kù. Wáyà pupa ló lò. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pupa, tí kò fi lo aláwọ̀ ewé tí kò ní hàn.

"Kí ẹni tó bá ṣí i lè rí i," ló wí.

"Ta ni kó rí i?"

Ó gé wáyà pupa mìíràn. Mo mọ ẹni náà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó tàn án, kò ṣe nǹkan kan. Ó gbórí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì, mo sì mọ̀ pé ẹkún ni. Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, irú ẹkún wo lò ń sun lórí ike? Gbé e padà fún wọn, kí o sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́!" Ó nu ojú, ó gbé mítà, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀nà àkọ́kọ́. Lábẹ́ ìjókòó tó gba àìsíì dúró, àìsíì ẹlẹ́sẹ̀ ṣíṣẹ́ tó ti fi òmíràn pààrọ̀, ló ti rí i, ọ̀nà kan tó ti já níbi tí ojú kò lè dé. Ó tú ìjókòó náà kúrò, ó so wáyà pupa kan síbẹ̀, ó dá a padà. Nígbà tó tàn án, ojú tẹlifíṣàn kọ́kọ́ dúdú, ó di eérú, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ jáde síbẹ̀. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lọ fi dúró. Òun kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ni.

Kò fi bátìrì kankan sí i mọ́. Ó ní kò sóhun tó ń fi bátìrì ṣe ju kó máa rántí ọjọ́ lọ, ọjọ́ sì wà lára kàlẹ́ńdà.

A jọ gbé e lọ sílé, ó so ó, ó tàn án. Omi lé ròrò sójú bàbá. Ó fi ìka kan gíláàsì tẹlifíṣàn náà, ó ń wí pé, "Ó jí. Ó jí." Àǹtí Wáyà dúró, ó ń dúró. Èmi náà ń dúró. Bàbá nu ojú, ó tún ara ṣe lórí àga rẹ̀ tó ń dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, ó wá rọ ohùn sílẹ̀.

"Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ó bàjẹ́ o."

"Bàámi?"

"Ó fi lé mi lọ́wọ́ ni. Bó bá gbọ́ pé ó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú wo ni n ó fi wò ó? Àgbà ni mí. Má dójú tì mí."

"Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ ó sọ fún un pé..." Ó ti di àgbàlagbà obìnrin, irun rẹ̀ ti ń funfun, kò sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè pé kí bàbá òun ka òun mọ́ ọmọ.

"Èmi àtìwọ mọ̀," ni bàbá wí. "Ṣé kò tó ni?"

Kò tó. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ ọ́, àmọ́ Àǹtí Wáyà ti mú mi lọ́wọ́, ó ń fà mí jáde. Lójú ọ̀nà, mo ní ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ó ní bóyá bí ẹ̀gbọ́n bá dé tán, tí inú bàbá dùn, á sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n dé. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ó rántí kí èmi tí kò mọ̀ rí. Èmi wà níbẹ̀ nítorí kọ́tìnnì tí mo wá so. Nígbà tó rí kọ̀ǹpútà náà lórí tábìlì, ó dúró gbagidi.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ tọ́jú ẹ̀ dòní lóòótọ́?"

"Tàn án," ni bàbá wí.

Ó tàn án. Nígbà tí ojú tẹlifíṣàn di àwọ̀ ojú ọ̀run, ó kígbe bí ọmọdé. Ó jókòó, ó ń tẹ kíbọọ̀dù, ó ń rẹ́rìn-ín, ìpàkọ́ rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí àbúrò rẹ̀ dúró sí. "Bàámi, ṣé ẹ mọ̀ pé níbi tí mo wà, gbogbo irú ẹ̀ ló ti kú? Àwọn tó ní in ń wá èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kiri. Kí lẹ ṣe sí i?"

Ẹ̀ẹ́, àkókò tó. Mo di kọ́tìnnì mú. Àǹtí Wáyà gbé ojú sókè.

"Ìtọ́jú ni," ni bàbá wí. "O ní kẹ́nikẹ́ni má ṣí i. Ẹnikẹ́ni ò ṣí i."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí ìkà nínú rẹ̀ rárá. "O gbọ́ àbí? Ká ní ọ̀dọ̀ ẹ̀yin alátùn-únṣe ló wà ni, ẹ ò bá ti tú u palẹ̀!"

Ta ló rẹ́rìn-ín jù? Bàbá ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Àǹtí Wáyà sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an. Títí di òní, mo ṣì ń ronú pé ǹ bá ti jẹ́ kó dá ẹsẹ̀ náà, kí n ṣáà sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wá ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń sọ kì í ṣe ọjọ́ òní. "Mo mọ̀ pé bátìrì inú ẹ̀ á ti kú," ló wí, ó sì fa báàgì rẹ̀. "Mo mú òmíràn bọ̀, irú tó wà nínú ẹ̀ gan-an. Mo wá a káàkiri kí n tó rí i." Ó fi í han bàbá bí ẹni tó mú wúrà wálé. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u níbẹ̀, ojú bàbá sì yí padà, nítorí bó bá ṣí i, á rí i pé wọ́n ti tún un ṣe: wáyà pupa kún inú rẹ̀ bámú.

"Jókòó jàre, ọ̀nà jíjìn lo ti ń bọ̀," ni bàbá sáré wí. "Jẹ́ kí àbúrò ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn kéré, ó lè ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí Wáyà wí jẹ́jẹ́, "irú bátìrì yẹn máa ń..."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ wọn ni?" ni bàbá já a lẹ́nu. Ojú tó fi wò ó, ojú tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n sì fi ń halẹ̀ ni. "Fi sí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni o."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé bátìrì náà sórí tábìlì. Ó fa dírọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú òmíràn jáde, èyí tó rí pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó ní èyí pẹlẹbẹ kò lè ṣe bọ́ọ̀dù ní nǹkan kan. Wáyà lòun ó fi so ó, yóò jìnnà sí bọ́ọ̀dù, bó tilẹ̀ jò, kò níbi tó máa jẹ. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, nítorí bàbá kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i láéláé.

"Fi í sí i, kí o gbé e lọ," ni mo wí.

"Iṣẹ́ tí mo ṣe sínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀," ló wí. "Kí n tún wá fi èyí kún un?"

Ó dá èyí pẹlẹbẹ padà sínú dírọ́ọ̀. Ó gbé irin gbígbóná rẹ̀, ó yọ́ léèdì, ó sì jó bátìrì ẹ̀gbọ́n mọ́ ibi tí ti àtijọ́ wà gan-an, láàárín àwọn wáyà pupa rẹ̀. Ó jó o dáadáa. Mi ò rí ibi tó ti jó nǹkan tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó máa jò," ni mo wí.

"Ó máa jò."

Ó gbé e lọ. Èmi kò tẹ̀ lé e, torí bàbá ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá rán àpò fún kọ̀ǹpútà náà, àpò tó há, kí n sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Mo ní ẹ wí fún wọn pé ẹ̀rọ mi bàjẹ́. Ẹ̀rọ mi kò bàjẹ́; mo jókòó sídìí rẹ̀ mo ń bínú ni.

Nígbà tó padà dé, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó sì ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò ní gbé kọ̀ǹpútà náà lọ, ó wúwo jù fún ọkọ̀ òfuurufú, ó ti ní kí bàbá máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Bàbá ti ń wá náílọ́ọ̀nù.

"Kí ni wọ́n sọ fún ọ?" ni mo bi í.

"Wọ́n wo ọjọ́ lójú ẹ̀, ó pé. Wọ́n ní, 'O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ ẹ dára.'" Ó ká àkísà náà sí méjì. "Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Etí ẹ̀ gbọ́ ọ."

"O ṣeun fún kí ni?"

"Fún bátìrì," ló wí, ó sì fa rédíò oníbàárà kan sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú síkúrù rẹ̀.